Bàbá Àgbà Mi àti Àwọn Méjìlá

Bí o bá sọ fún bàbá àgbà mi pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ lójú, yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ: "O ní òjò ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò tó gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, ní Adó-Èkìtì àti káàkiri àwọn ìlú tó yí i ká, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn adájọ́ tí ìjọba ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn kò gbọ́ èdè wa. Bí ẹlẹ́rìí bá ní òun wà nínú "ulé" nígbà tí "ugi" wó, Bàbá Àgbà ni yóò sọ fún adájọ́ pé ilé ni, pé igi ni. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, òun rò pé iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ òun. "Ìgbà tí irun mi ń funfun ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ etí ni."

Ó ti lọ báyìí. Àwọn ará ilé ní kí èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ nǹkan nípa rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí i àti ilé ìwé tó lọ wà nínú ìwé ìsìnkú, ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á níbẹ̀. Ohun tó ń sáré wá sí mi lọ́kàn ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Fájuyì, láàárín ìlú Adó, tí bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù, tí fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tí kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, oníwàásù kan wá láti Èkó, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa sì ń túmọ̀. Oníwàásù ní Ọlọ́run a máa dárí jini, a sì máa bá ni wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Ọlọ́run a máa dárí jini, ó dákẹ́, ó ń retí gbólóhùn tó kàn. Bàbá Àgbà dìde láàárín ìjọ.

"Ó fo ọ̀rọ̀ kan!"

Màmá Àgbà fà á láṣọ, kò jókòó. Ó dúró gbọnin títí wọ́n fi dá ìbáwí Ọlọ́run padà síbi tó yẹ kó wà. Lọ́nà ilé, Màmá Àgbà gbé ìjà kò ó: "Bàbá Dúpẹ́, ẹ dójú tì mí lójú gbogbo ìjọ." Dúpẹ́ ni orúkọ ìyá mi, òun ni àkọ́bí wọn. Bàbá Àgbà kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan lónìí, yóò fo ènìyàn kan lọ́la."

Àbíkẹ́yìn wọn ni Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé. Ó ti lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nítorí pé ó mọ irú bàbá tó bí òun, ó fi ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí i, ìwé pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìwé náà dé, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Fúnmiláyọ̀! Ju ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, wá gbọ́!"

Mo sáré lọ. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibì kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ìjọba ilẹ̀ yẹn bá fẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kan ènìyàn, ẹni náà lè ní dandan, àwọn ará ìlú ni òun fẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ òun. Wọn yóò ṣa ènìyàn méjìlá tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni: awakọ̀, olùkọ́, alágbàfọ̀. Júrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Gbangba ni wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ yóò sọ ohun tí òfin wí, ṣùgbọ́n àwọn méjìlá yẹn ni yóò sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ẹnu gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ kò.

"Ṣé o gbọ́? Alágbàfọ̀ lè wo ojú ìjọba Amẹ́ríkà kó sọ pé, rárá, ẹ kò tíì fi hàn mí!"

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba lórí wa nígbà náà. Mo bi í pé ṣé ìjọba wọn ló ṣàánú àwọn ará ìlú tó fi gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka gún ìwé náà bí ẹni fẹ́ lu ihò sí i. "Ẹ̀tọ́ ni wọ́n kọ síbí. Ẹ̀tọ́! Kì í ṣe oore."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlejò tó wá kí wa ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó, tí kò gbọ́ nípa àwọn méjìlá. Màmá Àgbà ní bí ẹnìkan bá wá tọrọ iná, yóò gba júrì mọ́ iná lọ.

Àfi bí lẹ́tà mìíràn ṣe dé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé kọ ọ́ pé ìyá àgbà òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ òun, tí iyè rẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀. Aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ kan, ó fi aago náà lé Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé lọ́wọ́, ó ní kó bá òun gbé e lọ tún ṣe. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé fi í sápò ẹ̀wù, iṣẹ́ sì gbà á lọ́kàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ìyá náà dé, kò rí aago lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n bi ìyá, ó ní òun kò rántí ibi tó wà. Wọ́n yẹ àpò gbogbo òṣìṣẹ́ wò, wọ́n rí i lápò ọmọ Adó. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ ọ́. Bí ó bá lè fọwọ́ sí i pé òun jí i, wọn kò ní fi í sẹ́wọ̀n. Yóò kàn máa lọ fara han ìjọba fún ọdún díẹ̀. Bí ó bá ní àwọn méjìlá ni òun fẹ́, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níwájú. Lọ́yà rẹ̀ ní kó fọwọ́ sí i. Ìyàwó rẹ̀ lóyún. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní kí bàbá òun sọ ohun tí òun yóò ṣe.

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà sókè. Kí n tó kà á tán, Màmá Àgbà ti dìde.

"Kó fọwọ́ sí i. Lónìí! Ọmọ mi ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹjọ́."

"O ní ọmọ rẹ lo fẹ́. Ìyá Dúpẹ́, olè ni wọn yóò máa pè é."

"Ta ló máa mọ̀ níbí?"

"Òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀."

"Bàbá Dúpẹ́," ni Màmá Àgbà wí, "kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n máa tì mọ́lé!"

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a wà ní ilé ìdáná, mò ń bẹ iṣu, Màmá Àgbà ń sẹ́ ògì, ni Bàbá Àgbà bá wọlé. N kò rí i níbẹ̀ rí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ògbufọ̀, wọ́n mú àgbẹ̀ kan wá láti abúlé kan nítòsí Ìyìn, wọ́n ní ó jí àpò kòkó kan. Àgbẹ̀ náà ń sunkún, ó ní òun kò jí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, adájọ́ sì ti ń wo aago. Bàbá Àgbà ṣàánú ọkùnrin náà, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé: sọ pé o jẹ̀bi, adájọ́ yóò rọra mú ọ, wàá tètè délé. Ọkùnrin náà ní òun jẹ̀bi. Bàbá Àgbà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún adájọ́ pé ó ní òun jẹ̀bi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Nígbà tó fi jáde, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ bá a dá oko pọ̀ mọ́, ó sì kó kúrò lábúlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹni tó jí kòkó jẹ́wọ́.

Ògì ń kán tótó sínú ìkòkò.

"Mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa," ni Bàbá Àgbà wí. "N kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu mi yìí ni mo fi tì í mọ́lé."

Màmá Àgbà fi etí ìró nu ọwọ́. "Bí ẹ bá gba àwọn méjìlá yín gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ pe méjìlá wá síbí. Kí wọ́n gbọ́ lẹ́tà ọmọ mi. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, màá panu mọ́. Bí wọn kò bá gbà á gbọ́, ẹ ó sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i."

"O ní kí n pe méjìlá." Ó ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. "Fúnmiláyọ̀, bá mi wá bàtà mi!"

A fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rìn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Òkè-Ìlá ni wọ́n bí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé sí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, Bàbá Àgbà kò sì gba ẹni tó mọ̀ ọ́n. Alàgbà ìjọ wa kan fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun ti ṣe tán láti jókòó. Bàbá Àgbà dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti fẹ́ràn ọmọ náà jù, Alàgbà." Alàgbà bínú lọ, kò kí wa fún oṣù kan. Bí ó ṣe jẹ́ pé àwọn tó wá láti ìlú mìíràn ló kún ìjókòó nìyẹn: vulcanizer kan láti Ọ̀fà, télọ̀ kan láti Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ méjì láti Òǹdó, àwọn méje mìíràn, àti Ìyá Ṣadé, ọmọ Ìkìrun, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ó bi Bàbá Àgbà pé kí ni òun mọ̀ nípa òfin. Bàbá Àgbà ní, "Ìdí tí mo fi wá bá ọ nìyẹn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, a to bẹ́ǹṣì sí àgbàlá. Bàbá Àgbà wọ kóòtù dúdú rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi, olùkọ́, dúró fún ìjọba Amẹ́ríkà, ìyá mi sì ṣe é débi pé Màmá Àgbà pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Dúpẹ́! Ṣé àbúrò rẹ lò ń ṣe báyìí?"

"Bàbá ló ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ, Màmá!"

Èmi ka lẹ́tà. Lẹ́yìn náà àwọn méjìlá wọ inú pálọ̀, Bàbá Àgbà ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó ní kí a sún sẹ́yìn. Kò sí ohun tí a fẹ́ gbọ́ tí a kò gbọ́, nítorí ariwo náà dé títì.

"Olè wo ló máa jí nǹkan, tó máa fi sápò, tó tún máa bá iṣẹ́ lọ?" Ohùn vulcanizer nìyẹn.

"Kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá gbé e fún òun?" Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ nìyẹn.

"Ṣé o máa ń ròyìn gbogbo iṣẹ́ tí àgbà bá rán ọ ni?" Vulcanizer ló dá a lóhùn.

Màmá Àgbà di ọwọ́ mi mú débi tó ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹnu wọn kò kò. Àwọn méje ní kò jẹ̀bi, àwọn mẹ́rin ní ó jẹ̀bi. Ìyá Ṣadé ní òun kò tíì lè sọ nǹkan kan.

"Mo ní ìbéèrè, Bàbá. Ìyá yẹn ní kó lọ tún aago ṣe. Kí ló ṣe aago?"

Bàbá Àgbà gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

"Bí ẹnìkan bá gbé aṣọ padà wá fún mi pé ó ya," ni Ìyá Ṣadé wí, "ibi tó ya ni mo máa kọ́kọ́ wò. Aago ń bẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, ọmọ yín ń purọ́. Bó bá bàjẹ́, òótọ́ ló ń sọ. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ti wò ó?"

Bàbá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí i bí ẹni ń fi ọba han ìlú. "Ọgbọ̀n ọdún ní kóòtù! Èmi kò béèrè! Lọ́yà kò béèrè! Aláṣọ ló béèrè!"

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Bí kò bá sí ohun tó ṣe aago ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá Àgbà ti dé ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ní Fájuyì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìpè wọlé, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní okùn aago náà ló já lọ́wọ́ ìyá náà, òun rò pé gbogbo wọn ti rí i. Bàbá Àgbà ní kó sọ fún lọ́yà kó lọ fi ojú rẹ̀ wò ó. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi dúró. Màmá Àgbà kò lè jẹun. Nígbà tí ìpè dé, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé kò tilẹ̀ kí wa.

"Bàbá, ó já! Lọ́yà ti rí i! Ó ti wà nínú ọ̀rá ọlọ́pàá láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò!"

"O ní okùn já."

"Ó já, Bàbá! Ṣùgbọ́n lọ́yà ní àwọn méjìlá lè má gbà á gbọ́ síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Mo rò pé Bàbá Àgbà yóò pariwo pé kó lọ. Ó rọra mú fóònù sún mọ́ ẹnu. Ó ní, "Káyọ̀dé, ìwọ lo ni ẹ̀tọ́ náà. Mo lè kà á fún ọ, mi ò lè lò ó fún ọ."

Láti òkè òkun, a gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi, Bàbá."

Ẹjọ́ náà bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ti ránṣẹ́ pé àwọn méjìlá ti wọ yàrá wọn, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó lè jẹ́ pé wọn yóò jáde. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Ṣọ́ọ̀bù náà kò gbà wá. Vulcanizer wá pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Télọ̀ wá pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ìyá Ṣadé ti da aṣọ bo ọjà rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Àwọn ọlọ́kadà tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù bi wá pé kí ló dé, a sọ fún wọn, àwọn náà kò lọ mọ́.

Fóònù dún. Bàbá Àgbà gbé e.

"Bàbá, wọ́n ti jáde, wọ́n ní..."

Ìlà já.

Mo rí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ láàárín Fájuyì lọ́jọ́ náà. Mo rí Màmá Àgbà tó gbá ẹ̀rọ náà lójú bí ẹni gbá ọmọ. Oníṣọ́ọ̀bù ń tẹ nọ́ńbà, ó ń tẹ nọ́ńbà, kò wọlé. Kò ju ìdajì wákàtí lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdajì wákàtí tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó tún dún. Bàbá Àgbà gbọ́, ó yíjú sí wa, ó dúró ṣánṣán bí ó ti ń dúró ní kóòtù, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa:

"Ó ní... wọ́n ní òun kò jẹ̀bi."

Ìgbà náà ló fò. Fìlà lọ, bàtà kan lọ. Vulcanizer gbé e sókè. Gbogbo ọ̀kadà tó wà níta tẹ hóònù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń pariwo ayọ̀ bá wa. Awakọ̀ tó ti ní ó jẹ̀bi ló ń sunkún jù.

Nínú lẹ́tà ni a ti gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti ìyá àgbà náà wọlé lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ táyà. Wọ́n bi í, ó tún ní òun kò rántí. Lọ́yà wá gbé aago náà lé e lọ́wọ́ níwájú àwọn méjìlá. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá okùn náà, ó bá ibi tó já. Ó gbójú sókè, ó wò káàkiri títí ó fi rí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé. Ó ní, "Ṣebí mo ní kí o bá mi tún un ṣe?" Ká ní Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ti fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tí ìbá gbé aago náà lé ìyá lọ́wọ́.

Bàbá Àgbà fẹ́ mọ ohun tí àwọn méjìlá bá ara wọn sọ nínú yàrá yẹn. Ó kọ lẹ́tà méjì béèrè. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú wọn sọ ọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Adájọ́ gan-an kò gbọdọ̀ gbé etí sí ilẹ̀kùn yẹn."

Ó kú ní ọdún tó tẹ̀lé e, láàárọ̀, lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àìsàn kò dá a dùbúlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé wálé wá sin ín. Lọ́yà rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ó bá ti ní orúkọ olè lọ́rùn, tó sì jẹ́ àlejò nílẹ̀ wọn, bó bá jáde, wọ́n lè má jẹ́ kó padà wọlé bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mọ́. Orúkọ yẹn kò sí lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè wá. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní ọ̀sán gangan, Màmá Àgbà di ojú rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ní etí ibojì, òun ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ó yí kúrò, Màmá Àgbà sún mọ́ ọn. A rò pé yóò sunkún, ìyá mi ti na ọwọ́ láti dì í mú. Ó tẹ orí ba, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú yàrá ni ó wà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn, n kò gbọ́ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Bàbá Dúpẹ́," ni ó wí, "ẹ̀yin lẹ jàre."